Àga Aláṣọ Funfun Tí Mo Bá ní Ọ̀run Àpáàdì

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ọwọ́ akọ̀wé ìjọ yín ló kọ ìwé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe akọ̀wé ló ń sọ̀rọ̀. Ọkọ Morẹ́nikẹ́ ni, ìyàwó mi tí a sin ní oṣù tó kọjá. Ìṣirò ni mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọ yín. Ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe aríran.

Ní Ọjọ́rú, mo gba àdúrà ọ̀sán tán, n kò dìde. Mo gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibi tí Morẹ́nikẹ́ máa ń sùn sí lórí ibùsùn, oorun sì gbé mi lọ. Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Aṣọ búlúù bí ti àwọn tó ń nu ilẹ̀ nílé ìwòsàn ni ó wọ̀. Ó ní, “Bàbá, ẹ dìde. Wọ́n ní kí n mú yín yíká.”

Gbọ̀ngàn kan ni ó kọ́kọ́ mú mi wọ̀. Bẹ́ńṣì gígùn, fèrèsé tí kò ṣe é ṣí, òórùn ìtọ̀. Gbogbo wa tí a ti sin aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní ìlú yìí mọ bí a ti ń ṣe é. Ẹni tó kọ́kọ́ dé á fi káàdì rẹ̀ sórí tábìlì, ẹni tó tẹ̀lé e á gbé tirẹ̀ lé e lórí, títí akọ̀wé yóò fi dé. Akọ̀wé gbọ́dọ̀ yí òkìtì náà padà kí ó tó máa pe orúkọ. Bí kò bá yí i, ẹni tó kọ́kọ́ dé ni yóò kẹ́yìn. Ní ọjọ́ tí wọ́n ń pín ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, Morẹ́nikẹ́ ló kọ́kọ́ dé. Wọn kò yí i, nítorí káàdì àwọn ará ilé olóyè ló wà lókè.

Ní gbọ̀ngàn tí mo rí yìí, wọn kì í yí i láéláé. Àwọn òpùrọ́ jókòó síbẹ̀, ahọ́n wọn wú bọ́ síta, eṣinṣin bò ó, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì ń jáde lẹ́nu wọn: “Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.” Mo gbọ́ tí ọ̀kan ń fi ẹnìkejì rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣebí ẹ ní ẹ mọ èèyàn. Ẹ ránṣẹ́ sí i.”

“Òun ló jókòó tì mí yìí. Òun náà ń wá ẹni tó mọ̀.”

A kọjá lára àwọn alágbèrè. Mo fẹ́ dúró wò wọ́n, amọ̀nà mi fà mí lọ. Ó ní, “Ìwàásù yín ti sọ tàwọn wọ̀nyí tó.”

Lẹ́yìn wọn, àwọn ènìyàn ńlá kúnlẹ̀ yí agbada kan ká. Ọ̀dà funfun ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ń mu ún, wọ́n ń bì í, wọ́n sì tún ń fi àtẹ́lẹwọ́ bu èébì náà mu, ó ń kán ní irùngbọ̀n wọn, ó ń gan mọ́ ètè wọn, wọn kò sì lè dáwọ́ dúró.

Mo bèèrè ohun tí wọ́n ṣe.

“Owó ìlú tí a yà sọ́tọ̀ fún yàrá iṣẹ́ abẹ kejì, kí àwọn tó ń dúró lè dín kù, òun ni wọ́n fi kun ògiri iwájú nígbà tí àlejò ń bọ̀. Wọ́n jẹ ìyókù.”

Ẹ mọ ìpìlẹ̀ yàrá náà. Ewúrẹ́ ló ń jẹko nínú rẹ̀.

Àga kan wà láàárín wọn, ó ṣófo. Aṣọ funfun bò ó, a so ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Ẹ̀yin ará, àga alága ìkórè wa ni. Mo mọ ibi tí ikán ti jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀.

“Ta ni wọ́n tọ́jú rẹ̀ dè?”

“Alága ìgbìmọ̀ ilé ìwòsàn yín. Ṣebí ẹ̀yin náà ti gbé e fún un jókòó.”

Àga kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bírò kan wà lórí rẹ̀.

“Èyí ńkọ́?”

“Ti ẹni tó kọ lẹ́tà tí ẹ fi pè é ṣe alága ìkórè ni.”

Èmi ni mo kọ ọ́. Lọ́dún tó kọjá ni, Morẹ́nikẹ́ ti ń dúró nígbà náà. Mo pe ọkùnrin yẹn ní ọ̀rẹ́ aláìsàn, mo kà á sókè níwájú yín, ẹ pàtẹ́wọ́. Mo rò pé bí inú rẹ̀ bá dùn sí wa, wọn á fa káàdì ìyàwó mi sókè. Nígbà tí mo rí bírò yẹn ẹsẹ̀ mi yẹ̀, ilẹ̀ ń yọ̀ nítorí èébì, mo di aṣọ amọ̀nà mi mú, mo ń wí pé nítorí ìyàwó mi ni, nítorí rẹ̀ ni mo ṣe é, àga náà sì ń sún mọ́ mi, ó ń sún mọ́ mi, títí ó fi kàn mí lórúnkún.

Ìlẹ̀kùn kan ṣí. Atẹ́gùn fẹ́ sí mi. Ibùsùn mímọ́ pọ̀ níbẹ̀, bẹ́ńṣì kò sí. Morẹ́nikẹ́ jókòó sí etí ibùsùn kan, ó ń bó ọsàn. Ìrora ti kúrò lójú rẹ̀.

“Bàbá Ṣọlá, ẹ ò tíì fá irùngbọ̀n.”

Mo fọwọ́ pa irùngbọ̀n mi.

“Ìyá tí káàdì rẹ̀ wà lórí tèmi, tó máa ń fún wa ní ẹ̀pà, ṣé wọ́n ti pè é?”

Mo ní n kò mọ̀.

“Ẹ ò sì bèèrè?”

Mo jí. Orúnkún mi ti kú, oòrùn ṣì ń ràn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo lọ sí ilé ìwòsàn. Ìyá náà wà lórí bẹ́ńṣì, ó ti gbẹ. Ó sún kí n lè jókòó. Ó ní, “Bàbá Ṣọlá, ìyàwó yín ńkọ́? Wọ́n ti ṣe tiwọn?” Mo sọ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn náà ó ní, “Wọ́n ti sún tèmi di ìgbà òjò.”

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a kó ara wa jọ lọ bá ìgbìmọ̀ náà, kí a bèèrè yàrá iṣẹ́ abẹ lọ́wọ́ wọn ní ojúkojú, kí òjò tó dé. Lẹ́tà ìpè alága ìkórè ti ọdún yìí wà níwájú mi. Ọkùnrin kan náà ni. Gbogbo ìgbìmọ̀ ìjọ ti fọwọ́ sí i, ó ku èmi. N kò ní fọwọ́ sí i. Bí ẹ bá fẹ́ pè é dandan, ẹ wá akọ̀wé mìíràn, kí ẹ sì sọ fún akọ̀wé tuntun náà pé mo ti rí àga rẹ̀.