Ẹni Tó Ní Kí Ìyá Má Bá Ọmọ Wá

Ilé ìwé ọmọ mi kìlọ̀ pé àwọn kan ń pe ọmọbìnrin lọ sí òtẹ́ẹ̀lì, pé àwọn á fi wọ́n ṣe fíìmù. Ó rán mi létí ọ̀rọ̀ tí mo gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí kan ní Ẹgbẹ́dá.

Onídìrí sọ fún màmá tó ń dirun fún pé, "Ọmọ mi fẹ́ ṣe tíátà, mà. Ẹni tó pè é ní kí n má bá a wá."

Màmá ní, "Èmi ni obìnrin àkọ́kọ́ tó darí ẹgbẹ́ òṣèré nílùú wa. Iwájú ilé ìyá mi la ti ń kọ́ eré. Àwọn òbí á jókòó, wọ́n á tún máa bú mi pé mo le jù. Ẹni tó ní kí ìyá má wá, kì í ṣe òṣèré ló ń wá. Mú un wá sọ́dọ̀ mi jàre, kí ìwọ náà wá jókòó."

Ẹ̀yin òbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá ọmọ yín lọ.