Orúkọ Tí Mo Yọ Kúrò Nínú Ìwé Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mí ná. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó jẹ́ kí n lè dúró níwájú yín lónìí, torí ó ti rẹ̀ mí gan-an ni. Praise the Lord! Halelúyà yín ò dún tó, àbí ó rẹ ẹ̀yin náà ni?

Bùrọ́dá Olúmákinwá lẹ mọ̀ mí sí. Molecular biology ni mò ń kọ́ wọn ní yunifásítì ní Àkúrẹ́ níbí, àrùn tó ń sọ kòkó di dúdú lórí igi ni mo sì ń ṣèwádìí lé lórí. Àwọn oko ní ìlú Bọ́lọ́rundúró ni mo ti máa ń lọ ṣa kòkó tó ti bàjẹ́, màá gbé e wá nínú kúlà, màá wá máa bẹ Ọlọ́run kí wọ́n má mú iná lọ. Bí iná bá ti lọ, iṣẹ́ oṣù mẹ́ta ti jẹrà nínú fíríìjì nìyẹn.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo wá promotion láti di prọ̀fẹ́sọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni wọ́n dá mi padà. Wọ́n ní mo ń kọ̀wé lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ yòókù kì í dárúkọ iṣẹ́ mi nínú tiwọn, ìyẹn ni wọ́n sì fi ń díwọ̀n èèyàn lọ́dọ̀ wa. Àwọn tí mo kọ́ ti di ọ̀gá mi. Mo gbààwẹ̀ títí ṣòkòtò fi ń bọ́ nídìí mi. Inú bí mi sí Ọlọ́run, mi ò ní parọ́.

Bẹ́ẹ̀, èmi ni mo fọwọ́ ara mi ṣe ara mi. Lọ́dún tí mo di àtúnbí, mo lọ búra ní kóòtù, mo yí orúkọ bàbá mi padà láti Ògúnmákinwá sí Olúmákinwá. Kò tán síbẹ̀ o. Gbogbo ìwé tí mo ti fi orúkọ àkọ́kọ́ kọ, mo yọ wọ́n kúrò nínú CV mi. Mo ní mi ò fẹ́ rí Ògún mọ́. Bàbá mi, àgbẹ̀ kòkó ní Oǹdó, tó fi orúkọ yẹn ṣe wọ́dìnì ní ṣọ́ọ̀ṣì tirẹ̀, kò bá mi jà. Ó kàn ní, "Orúkọ yìí náà ló rán ẹ lọ sílé-ìwé." Kò tún sọ ọ́ mọ́ títí tó fi kú.

Lọ́dún yìí, obìnrin onímọ̀ kan kọ lẹ́tà láti Gánà sí ẹ̀ka wa. Ó ń wá Dókítà Ògúnmákinwá. Ó ní orí iṣẹ́ rẹ̀ ni àwọn gbé tiwọn lé, ṣé ó ṣì wà láyé? Ọ̀gá wa ti fẹ́ fèsì pé a ò ní irú ẹni bẹ́ẹ̀. Akọ̀wé wa, màmá tó ti pẹ́ jù wá lọ níbẹ̀, ló ní, "Ẹ dúró ná, sà. Ṣé kì í ṣe Dókítà Olúmákinwá nìyẹn?" Ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí màmá yìí fẹ̀yìn tì. Ta ló dá a dúró dè mí? Ọlọ́run ni!

Nígbà tí wọ́n ka iye àwọn tó dárúkọ ìwé àtijọ́ wọ̀nyẹn, ó ju ti gbogbo èyí tí mo kọ lẹ́yìn wọn lọ. Mo tún padà sí kóòtù, mo búra pé ẹnì kan náà ni wá, mo dá àwọn ìwé náà padà sínú CV mi, mo sì wá promotion lẹ́ẹ̀kẹrin. Lẹ́tà prọ̀fẹ́sọ̀ dé ní Tuesday. Mo gbé e lọ bá ìyá mi ní Oǹdó. Kò bèèrè ipò, orúkọ tó wà lára rẹ̀ ló ní kí n kà. Mo kà á. Ó ní kí n lọ kà á létí sàréè bàbá mi. Mo lọ, mo kà á sókè, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Pásítọ̀, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ gbàdúrà lé orúkọ tuntun yẹn lórí. Ó ti rẹ̀ mí ni, mi ò lè sá fún bàbá mi mọ́. Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fògo fún Ọlọ́run. Bí ẹ bá sì ń kí mi kú oríire lẹ́yìn ìsìn, Ògúnmákinwá ni kí ẹ máa pè mí.