Orúkọ tí Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n Mi Kì í Pè

Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi gbé ọwọ́ sókè sí Ọlọ́run tó ti mọ̀ mí lórúkọ kí ìjọba tó ra kọ̀ǹpútà. Ẹ yìn ín! Ẹ yìn ín dáadáa, torí lóṣù tó kọjá, èmi tí mo dúró síwájú yín yìí, wọ́n ní mi ò sí.

Ẹ mọ̀ mí. Tíṣà ni mí ní Ìrẹsà, ọdún kẹtàdínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń kọ́ ọmọ àgbẹ̀ ní ìṣirò. Ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn fóònù. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Èmi ni mò ń tẹ̀ ẹ́ títí tó fi yé mi. Nígbà tí ìjọba wá ní kí gbogbo òṣìṣẹ́ ṣí àkáǹtì kan ṣoṣo lórí ayélujára, inú mi dùn ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tẹ́lẹ̀, owó orí ní pásíwọ́ọ̀dù tirẹ̀, ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́ ní tirẹ̀, ìwé ilẹ̀ ní tirẹ̀. Ní báyìí, NIN yín, nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba fún yín, ni kọ́kọ́rọ́. Ẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan, gbogbo yàrá ṣí. Ó dára púpọ̀! Àmọ́ bí kọ́kọ́rọ́ yẹn bá wọ́, gbogbo ilẹ̀kùn ló tì pa.

Gbogbo tíṣà ilé ìwé wa ni mo bá ṣe tiwọn. Gbogbo wọn ló wọlé. Ó wá kàn mí. Mo tẹ nọ́ńbà mọ́kànlá yẹn, mo gbé ojú sí kámẹ́rà, mo ṣẹ́jú bó ṣe ní kí n ṣẹ́ ẹ. Kóòdù oní nọ́ńbà mẹ́fà wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà pupa yọ: orúkọ yìí kò bá ti ìwé òṣìṣẹ́ mu. Mo wo orúkọ tó gbé jáde. Dípò Gbádébọ̀ Oyèlékè, Akọ̀wé Oyèlékè ló wà níbẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Mo wá rántí pé tóṣù bá parí, ẹni tí kò bá tíì wọlé, wọ́n á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, wọ́n á ní òṣìṣẹ́ tí kò sí ni, gósì wọ́kà. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Àwọn tí mo bá ṣe tiwọn ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ kú iṣẹ́ o, iwin tó ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò!"

Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀yọ́, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ọlidé ni mo lọ lò nílé wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ nígbà tí mo forúkọ sílẹ̀ fún NIN. Ìyá Mòrufù, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, ló lọ bá mi tò láti ìdájí, bó ṣe kírun tán. Òṣìṣẹ́ tó ń kọ fọ́ọ̀mù bi í pé kí lorúkọ ẹni tó ń tò fún. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ ọkọ! Ọmọ ọdún márùn-ún ni mo wà nígbà tó wọlé wa, tí mò ń fi ẹfun kọ nǹkan káàkiri ara ògiri. Ó sọ mí ní Akọ̀wé lọ́jọ́ náà, kò sì pè mí ní nǹkan mìíràn mọ́. Orúkọ yẹn, Akọ̀wé, ló sọ fún wọn. Ìgbà tí mo débẹ̀, mo tẹ̀ka, mo ya fọ́tò, mo buwọ́ lùwé. Èmi tí mo máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí ìṣáná, mi ò ka fọ́ọ̀mù ara mi.

Màmá kan nínú ìjọ yìí, mi ò ní dárúkọ wọn, wọ́n wà níbí, wọ́n ní, "Bùrọ̀dá, obìnrin yẹn ti pa kádàrá yín dà. Ẹ jẹ́ ká gbààwẹ̀ lé e lórí." Mo ní, "Màmá, màá gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n mi ò ní gbà á lé ẹni tó dúró nínú òtútù nítorí mi lórí."

Mo lọ sí Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, sọ́dọ̀ ọ̀gbẹ́ni kan tó ní kọ̀ǹpútà. Ó ní, "Dádì, ẹ fún mi ní pásíwọ́ọ̀dù. Kóòdù tó bá wọlé, ẹ ṣáà máa pè é fún mi. Ayédèrú ìwé ìbúra wà nílẹ̀ níbí."

Mo ní, "Kọ́kọ́rọ́ gbogbo yàrá mi nìyẹn. Kí n fún ọ, kí n wá máa kan ilẹ̀kùn ilé ara mi?"

"Ẹ máa padà wá, Dádì."

"Lórúkọ Jésù, mi ò ní padà wá!"

Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Mo ní, "Olúwa, mi ò ní purọ́ láti fi hàn pé mo wà. Ìwọ ni kó o ṣí i." Lọ́jọ́ kẹta, mo ka ìlànà ìkànnì náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni mo ti rí i: bí orúkọ bá yàtọ̀ pátápátá, ẹni tó sọ orúkọ náà gbọ́dọ̀ wá búra ní kóòtù.

Mo gba Ọ̀yọ́ lọ. Ìyá Mòrufù figbe ta. "Kí n pè yín lórúkọ? Akọ̀wé, kí ni mo ṣe yín? Ó ti lé lógójì ọdún!"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Bí ẹ ò bá pè mí, wọ́n á ní mi ò sí."

Ó dìde fùú. "Ta ló ní ẹ ò sí? Ẹ mú mi lọ bá a!"

Ní kóòtù, wọ́n gbé Kùránì lé e lọ́wọ́. Akọ̀wé kóòtù ní, "Màmá, ta ni bàbá yìí?"

"Ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín?"

"Àbúrò ọkọ mi."

"Kí lorúkọ wọn?"

Ó fi ìbòrí nu òógùn ojú. Ó wá kúnlẹ̀ sí mi lórí sìmẹ́ǹtì, ó ní kí n foríjì òun, ó sì pariwo débi pé àwọn tó wà níta yọjú: "Gbádébọ̀! Gbádébọ̀ Oyèlékè ni! Ó wà láyé! Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀!"

Ẹ̀yin ará, mo sunkún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo fi ìwé ìbúra náà ránṣẹ́ lórí fóònù, lábẹ́ igi káṣú ilé ìwé wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì máa ń dé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo dín fọ́tò ìwé náà kù kí ìkànnì tó gbà á. Lọ́jọ́bọ̀, nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n tilẹ̀kùn, èsì dé. Mo gbé ojú sí kámẹ́rà, mo tẹ kóòdù. Àwọ̀ ewé! Ilẹ̀kùn kan ṣí, gbogbo ìyókù tẹ̀ lé e. Mo pe àwọn tó pè mí ní iwin: ẹ wá wò ó!

Ẹ bojú wẹ̀yìn. Ìyá Mòrufù ló wé ìbòrí funfun yẹn. Ó ti Ọ̀yọ́ wá dúpẹ́ pẹ̀lú mi. Ní géètì láàárọ̀ yìí, mo ní kó tún pè mí lórúkọ, kí ìjọ lè gbọ́. Ó ní, "Ìjọba ti gbọ́, ó tó. Akọ̀wé, ẹ yéé dà mí láàmú."

Màmá tó ní ká gbààwẹ̀ lé e lórí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sún díẹ̀, kó ráyè jókòó. Ẹ̀yin yòókù, ẹ dìde ká jó. Mo wà!