Àga Tí Ọkọ Mi Kàn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ní kí n fara balẹ̀ o! Ara wo ni n ó fi balẹ̀? Àbúrò yín ni mo wá fẹjọ́ ẹ̀ sùn. Ẹ̀yin lẹ tọ́ ọ dàgbà, ẹ̀yin náà ni kẹ́ ẹ gbọ́ ohun tó fojú mi rí lánàá, lójú ọmọ!

Ẹ ṣáà mọ ilé ńlá tó ń ṣiṣẹ́ káfíńtà fún. Tábìlì ìjẹun wọn, òun ló kàn án. Àga tó yí i ká, òun ni! Ó fi sáńpépà ha á títí ọwọ́ ẹ̀ fi bó, ó ń fọwọ́ pa igi lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Onílé ríṣẹ́, inú ẹ̀ dùn, ó ní ká wá bá òun jẹun, tìyàwó tọmọ. A débẹ̀. Ó ní, "Káfíńtà, ẹ jókòó, ẹ jókòó." Ẹ gbọ́ ohun tọ́kọ mi sọ! "Ẹ má ṣèyọnu sà, ibi tí mo dúró sí yìí ti tó mi."

Ibo ló dúró sí? Ẹnu ọ̀nà kíṣìnì! Lẹ́gbẹ̀ẹ́ garawa pàǹtí!

Èmi ti jókòó ní tèmi. Ṣebí wọ́n ní ká jókòó? Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú sí mi, kò pẹ́ ló wá fà mí lápá: "Dìde, wàá ba àga wọn jẹ́." Àga wọn! Ta ló kàn án? Onílé ń bẹ̀ ẹ́, òun ń tẹrí ba ṣáá, ó ń rẹ́rìn-ín tí ò nídìí, ó ní ẹni bíi tiwa ò yẹ níbẹ̀. Ẹni bíi tiwa ńkọ́? Ṣé àwa ò nídìí tá a fi ń jókòó ni?

Hẹn? Ìtẹríba kẹ̀? Rárá o, ẹ̀gbọ́n! Mo mọ ìtẹríba, mo ń kúnlẹ̀ kí yín. Ká ní olówó ló lé e, olówó ni ǹ bá gbé ṣépè. Kò sẹ́ni tó lé e! Òun ló lé ara ẹ̀. Owó ni ò sí lápò wa o, ta ló ní kó yọ ara ẹ̀ kúrò nínú èèyàn?

Bá a ṣe ń bọ̀ nílé, ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Màmá mi, ṣé a dọ̀tí ni?"

Ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ara mi ni mo fi wẹ ọmọ yẹn!

Ẹ pe àbúrò yín. Ẹ ní kó wá, kó wojú ọmọ ẹ̀, kó dá a lóhùn. Mi ò ní bá a dáhùn ẹ̀. Títí tó fi máa dé, ẹ bá èmi àtọmọ tẹ́ ẹní. A ò lọ síbì kankan.