Àgbẹ̀ Eléèékánná Gígùn

Ẹ ò rí nǹkan! Obìnrin tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú ni ìjọba ń pè ní àgbẹ̀ lórí oko mi, èmi tí mo ni oko wá di lébìrà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn mi yìí, inú ń bí mi, mi ò sì ní fi bò fún yín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin ni mò ń sọ. Àǹtí Gowon ni mò ń pè é, torí Gowon Estate ló ń gbé, ìyàwó kì í sì í pe àwọn tó bá nílé lórúkọ. "Wọ́n" ló yẹ kí n máa lò fún un, àmọ́ ọ̀wọ̀ yẹn ti tán lẹ́nu mi.

Ìgàndò níbí, lábẹ́ wáyà iná ńlá, ni mo ti ń gbin ẹ̀fọ́: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú. Èmi ni mò ń ru ìgbẹ́ adìẹ wá láti Ìdímù, èmi náà ni mò ń fi kẹ́ẹ̀gì pọn omi títí ìbàdí á fi máa ro mí. Kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, Àǹtí ò dé oko yìí rí. Ó ní òórùn ìgbẹ́ adìẹ máa ń fún òun ní ẹ̀fọ́rí. Á kàn ránṣẹ́ pé kí n gbé ẹ̀fọ́ wá, tí mo bá sì gbé e dé, á ní ó ti rọ.

Ìgbà tó yá, a gbọ́ pé ìjọba fẹ́ fún àwa àgbẹ̀ kéékèèké ní owó ìrànwọ́ àti ẹ̀rọ tó ń fa omi, pé àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń bọ̀ wá fojú rí oko. Mo ro gbogbo ebè mi mọ́ tónítóní. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa dé, ta ni mo rí? Àǹtí Gowon! Ó wọ bàtà òjò tuntun, èékánná rẹ̀ gùn bí ṣíbí. Ó ní òun wá bá mi gbàlejò ni. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Òmùgọ̀ ni mí, àbí?

Àwọn òṣìṣẹ́ dé, wọ́n gbé fóònù sókè, wọ́n ń ya fídíò. Ọ̀gá wọn bi mí pé, "Màdáámù, ta ló ni oko yìí?" Ẹ̀yin ìyàwó ilé, kí lẹ máa ń sọ tí wọ́n bá bi yín bẹ́ẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n ọkọ yín? Bí ìyá mi ṣe kọ́ mi ní Èkìtì ni mo ṣe wí. Mo nawọ́ sí Àǹtí, mo ní, "Àwọn ni wọ́n ni ín, sà. Àwọn ni wọ́n ni èmi gan-an." Mo rò pé á ní, "Rárá o, ìyàwó wa ló ń ṣe gbogbo wàhálà." Ohun tí ọmọlúàbí máa ń dáhùn nìyẹn. Àǹtí kẹ̀! Ó fa tẹ̀tẹ̀ mi kan tu, ó gbé e sáyà, ó ń rẹ́rìn-ín sí fídíò. Àwọn ọ̀dẹ̀ tí ìjọba rán yẹn náà ò sì wo àtẹ́lẹwọ́ ẹnì kankan.

Alẹ́ẹ̀tì wọlé fún un. Ó gba ẹ̀rọ omi, ó tà á ní Ìpájà. Nígbà tí mo lọ sí ọ́fíìsì wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ gúgúrú ní, "Oko yẹn ti gba tiẹ̀. Ẹ ní kí màdáámù yín fi kún owó oṣù yín." Màdáámù mi kẹ̀! Òótọ́ ni pé kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló ń gbé.

Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn tún ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, owó míì wà nílẹ̀. Àǹtí ti ránṣẹ́ pé kí n wọ aṣọ tó ti gbó, kí n dúró lẹ́yìn òun. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo máa sọ òótọ́ lójú gbogbo wọn. Ó ní tí mo bá dójú ti ẹ̀gbọ́n òun, kí n kó ẹrù mi kúrò nílé òun. Ilé rẹ̀! Yàrá méjì ní Ìkòtún. Láti ìgbà tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀fọ́ mi ló ń san owó ilé náà. Ẹ̀yin àgbà, ẹ gbà mí nímọ̀ràn jàre: nínú àwa méjèèjì, ta ló yẹ kó kó ẹrù?