Àdírẹ́sì Ajégúnlẹ̀

Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí èbúté Tin Can ni obìnrin kan tó wọ yunifọ́ọ̀mù ilé oúnjẹ ńlá kan ní Àpápá àti ọ̀dọ́kùnrin kan tó kọ̀ tí kò jókòó ti ń fa ọ̀rọ̀. Èmi bàbá àgbà tí mi ò mọ̀ ọ́n wẹ̀ di etí ọkọ̀ mú.

"Àǹtí, ẹ má kọ́ àbúrò mi ní oúnjẹ sísè mọ́."

"Ọ̀fẹ́ ni. Ọjọ́ ìsinmi àwa òṣìṣẹ́ la fi ń wá kọ́ yín ní Ajégúnlẹ̀ ní Sátidé."

"Ẹ ṣé. Àmọ́ tó bá wá wáṣẹ́ lọ́dọ̀ yín ní Mọ́ńdè, tó kọ àdírẹ́sì Ajégúnlẹ̀, wọ́n á lé e. Àbí ẹ ò mọ̀?"

"Mo mọ̀. Sùúrùlérè lèmi kọ sílẹ̀. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé."

"Ẹ ò sì sọ fún wọn?"

"Wọ́n lè lé mi."

"Wọ́n ti ń lé tiwa."

Ọ̀dọ́kùnrin náà sún mọ́ ọn. Ọkọ̀ mì. Mo gbàdúrà Mùsùlùmí, mo fi ti Kìrìsìtẹ́nì lé e.

"Jókòó, kí o má baà pa bàbá yìí. Kí àbúrò rẹ wá ní Mọ́ńdè, èmi ni màá mú un wọlé. Tí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n, màá ní ọmọ àdúgbò mi ni."

Ó jókòó. Títí a fi gúnlẹ̀, obìnrin náà ń tún un sọ lábẹ́lẹ̀, bí ẹni tó ń kọ́ ọ sórí: "Ọmọ àdúgbò mi ni."