Mo Sọ Pé Ọmọkùnrin Ìyá Mi Ti Kú

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, mo kí yín. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìṣòro àwọn ẹlòmíràn níbí, n kò sì kọ ọ̀rọ̀ kankan ránṣẹ́ rí. Lónìí, èmi ni mo ru ẹrù wá. Irọ́ kan ni. Gbólóhùn kékeré kan ni mo fi pa á, ìyá mi sì fi ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin ṣọ̀fọ̀ nítorí rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ nísinsìnyí ni pé obìnrin tí ó fún mi níṣẹ́ ti ní kí n fi ẹnu ara mi kó irọ́ náà nílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á tán kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Òmù-Èkìtì ni wọ́n bí mi sí. Agbẹ̀bí sọ pé ọkùnrin ni mí, wọ́n sì sọ mí ní Jósẹ́fù nígbà ìrìbọmi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ pé obìnrin ni mí. N kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé rẹ̀ ju báyìí lọ. Ọmọ tó ń lo ọwọ́ òsì mọ̀ pé òsì ni òun ń lò, bí wọ́n tilẹ̀ ń nà án kí ó lè fi ọ̀tún kọ̀wé. Bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe mọ̀ ọ́n.

Èyí kọ́ ni mo wá jẹ́wọ́. N kò fi pa ẹnikẹ́ni lára. Ohun tí mo fi pa ènìyàn lára ṣì ń bọ̀ níwájú.

Mo parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Mo lọ kọ́ tàìpù ní Adó fún ọdún kan àti ààbọ̀. Ọwọ́ mi yá, n kì í sì í ṣi lẹ́tà. Nígbà tí àwọn ológun ń múra àtigbé ìjọba sílẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá iṣẹ́. Iṣẹ́ wọ́n fún gbogbo ènìyàn nígbà náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tèmi tún ní tirẹ̀ nínú.

Mo kọ́kọ́ wọ ṣòkòtò lọ, nítorí orúkọ tó wà lórí ìwé ẹ̀rí mi. Ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọyẹ́, akọ̀wé kan yọjú láti inú ọ́fíìsì, ó sì pariwo pé, "Ẹ wá wo akọ̀wé tó ń rìn bí ìyàwó ọ̀ṣìngín! Bọ̀dá, ta ló gbé ọ níyàwó?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé bí mo bá bá wọn rẹ́rìn-ín, wọn yóò gbà mí. Wọn kò gbà mí.

Mo wá sọ fún ara mi pé n ó lọ bí mo ṣe jẹ́. Mo sọ fún ìyá mi pé Ìbàdàn ni mo ń lọ. Irọ́ kékeré nìyẹn, ó sì dùn mí náà. Yàrá kan ni mo lọ gbà ní Ìkọ̀lé. Mo dirun, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì àti búláòsì, mo sì ń jẹ́ Ayọ̀.

Mo dé ọ́fíìsì kan ní Ìdó. Ọ̀gá ibẹ̀ fún mi ní ojú ìwé kan kí n tẹ̀ ẹ́. N kò ṣi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Ó gbé ìwé náà kiri, ó ń fi han àwọn yòókù, ó ní, "Ẹ ò rí iṣẹ́ ọmọ ènìyàn!" Lẹ́yìn náà ló béèrè ìwé ẹ̀rí mi. Ó kà á, ó wo ojú mi.

"Jósẹ́fù dà?"

"Èmi ni, sà."

Ó ju ìwé náà sílẹ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná jó lọ́wọ́. Ó ní kí n kúrò níwájú òun kí òun tó pe ọlọ́pàá.

Ibi mọ́kànlá ni mo dé. Mo kọ orúkọ wọn sínú ìwé kan, mo sì kọ ohun tí wọ́n wí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kí ọwọ́ mi má baà kú, mo gé pákó pẹlẹbẹ kan, mo fi ẹ̀ẹ́dú kọ lẹ́tà sí i lórí bí wọ́n ṣe tò ó lára ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láràárọ̀ ni mo ń jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, tí mo ń fi ìka lu pákó. Ìyálé ilé tó bá mi nídìí rẹ̀ ní, "Ayọ̀, ìwé tí ẹnìkan kò lè kà lò ń tẹ̀ yìí o." Mo dáhùn pé Ọlọ́run ń kà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí kò jẹ́ kí orí mi dàrú nìyẹn.

Ibi kejìlá ni ilé ìtẹ̀wé Màmá Bísí, opó kan ní Ìkọ̀lé. Ìwé ètò ìsìnkú ni wọ́n ń tẹ̀ jù níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ní ọ̀dọ̀ wa, bí àgbà bá kú, ìwé náà gbọ́dọ̀ dára, ó sì gbọ́dọ̀ to orúkọ àwọn ọmọ ní ìtẹ̀léra. Ẹni tí wọ́n bá fi sí ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ lè tìtorí rẹ̀ da ìsìnkú rú.

Màmá Bísí fún mi ní ọ̀kan láti dán mi wò. Mo tẹ̀ ẹ́ dé àárín, mo dúró. Mo ní, "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni kẹta yìí, níbi tí wọ́n ti kọ ìtàn bàbá náà sílẹ̀, wọ́n ní òun ni bàbá gbé dání kúrò lóko kí wọ́n tó bí ẹnì kejì. Ṣé ẹni kẹta kọ́ ló yẹ kó ṣáájú?"

Màmá gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pàtẹ́wọ́. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, o yọ mí nínú ìjà tí n kò mọ̀ pé ó ń bọ̀!" Kò béèrè ìwé ẹ̀rí. Ó ní ìwé ẹ̀rí kò bá òun tẹ̀wé rí. Onídùúró nìkan ló fẹ́, nítorí kò gba obìnrin sí iṣẹ́ láìjẹ́ pé ọkùnrin kan láti ilé wọn wá dúró fún un. Ó béèrè ọmọ ẹni tí mo jẹ́. Mo sọ orúkọ bàbá mi tó ti kú, láì ronú.

Ojú rẹ̀ tàn. "Háà! Bàbá yẹn bá ọkọ mi ṣiṣẹ́ rí! Ó ní ọmọkùnrin kan tó kàwé. Jósẹ́fù. Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn! Lọ pè é wá kó wá dúró fún ọ."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi rò ó. Wọ́n ní kí n lọ pe ara mi wá kí n wá dúró fún ara mi. Mo rántí ibi mọ́kànlá. Mo rántí ojú ọkùnrin Ìdó. Mo ní, "Ó ti kú, màmá."

Omi lé sí i lójú. Ó ní kò sí onídùúró tí òun tún ń wá, kí n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́jọ́ Ajé.

Ká ní ó parí síbẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n Màmá Bísí jẹ́ ènìyàn rere, ó sì ti gbà lọ́kàn rẹ̀ pé ọmọ ìyàwó kejì bàbá mi ni mí; n kò sì sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tí bàbá kan láti àdúgbò wa ní Òmù wá tẹ̀wé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun kí ìyá Jósẹ́fù kú ọ̀fọ̀ ọmọ. N kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni bàbá náà padà wá gbé iṣẹ́ rẹ̀. Ó dúró ní ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí mi. Kò dá mi mọ̀. Ó ní, "Màmá, a ti jíṣẹ́ yín. Ìyá náà kò tiẹ̀ kígbe. Ó kàn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹ̀gúsí tó ń bó lọ́wọ́, ó ń bó o lọ."

Mo gbọ́. Mo ń tẹ̀wé lọ. N kò ṣi lẹ́tà kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ìbẹ̀rù ló mú kí irọ́ náà bọ́ lẹ́nu mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn mo ní ẹsẹ̀ tí mo lè fi rìn lọ sí Òmù, mo sì jókòó. Fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Àṣà wa pàápàá bá mi bo irọ́ náà, nítorí òbí kì í wá ojú oórì ọmọ. Wọ́n kà á léèwọ̀ fún ìyá mi láti béèrè ibi tí wọ́n sin mí sí. Oṣooṣù ni mo ń sọ pé n ó lọ. Oṣooṣù ni iṣẹ́ ń dùn mọ́ mi, tí àwọn oníbàárà ń béèrè pé, "Ayọ̀ ńkọ́? Òun ni kó ṣe tiwa." Mo fi ìyá mi ra ìyẹn.

Lẹ́yìn ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin, ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyá mi fúnra rẹ̀ wọlé. Ó kí Màmá Bísí. Ó ní àwọn ènìyàn kò fẹ́ kí òun béèrè, ṣùgbọ́n òun fẹ́ mọ ẹnu tí ọ̀rọ̀ ikú náà ti jáde.

Màmá Bísí nawọ́ sí mi. "Ẹnu àbúrò rẹ̀ ni, mà. Ọmọ ìyàwó kejì. Òun nìyí."

Ìyá mi yíjú. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Ọwọ́ mi dúró lórí ẹ̀rọ. Mo ń retí igbe, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ìyá mi ní, "Kì í ṣe ọmọ ìyàwó kejì. Ọmọbìnrin mi ni. Èmi ni mo bí i."

Ohun tó sọ níwájú ènìyàn nìyẹn, Màmá Bísí sì gbà pé àbúrò Jósẹ́fù tó kú ni mí síbẹ̀. Nígbà tí a dé ẹ̀yìn ilé, ó gbá mi létí. Ó wá dì mọ́ mi, ó ní, "Nítorí uṣẹ́ lo ṣe pa ọmọ mi? Ṣé o rò pé n kò mọ irú ọmọ tí mo bí ni? Ta ló ń jí gèlè mi dì nígbà tí mo bá lọ sóko? O ò bá ti wí fún mi, n bá wá bá ọ̀gá rẹ jà kó gbà mí ní onídùúró." Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń lọ sílé, tí mo ń wọ aṣọ mi wọ ilé ìyá mi. Fún àwọn aládùúgbò, ó ń pè mí ní ọmọ òun láti Ìkọ̀lé.

Ní oṣù tó kọjá, Màmá Bísí pè mí. Ara rẹ̀ ti ń dara àgbà. A ti ní kọ̀ǹpútà mẹ́ta báyìí, èmi ni mo sì kọ́ gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́. Ó ní òun fẹ́ fi ilé ìtẹ̀wé náà sí ìkáwọ́ mi. N kò lè gbà á lórí irọ́. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀.

Ó ní, "Ẹni tí mo ní kí o lọ pè wá, òun ló ti ń jókòó níwájú mi látijọ́?"

"Òun ni, màmá."

Ó bú sẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ó nu ojú rẹ̀, ó wá ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni mo gbà. N kò gba ẹ̀gbọ́n kankan. Kọ́kọ́rọ́ nìyí. Ṣùgbọ́n o lo ẹnu mi ránṣẹ́ ikú sí abiyamọ. Lọ gba ọ̀rọ̀ yẹn padà."

Èmi ni ọ̀gá níbẹ̀ báyìí, èmi tí ibi mọ́kànlá lé. N kò fi ojú pamọ́ sọ ọ́. Inú mi dùn gidigidi.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ará Òmù, ẹ̀yin tí ẹ bá ìyá mi jókòó, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ́gi fún un, tí ẹ pọnmi fún un, mo bẹ̀ yín, ẹ dárí jì mí. Ẹkún tí ẹ sun, mo jẹ yín ní gbèsè òtítọ́ lórí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ bi gbogbo yín. Lọ́dọọdún, nínú ìsìn ìrántí àwọn olóògbé, wọ́n ṣì ń ka orúkọ Jósẹ́fù ní ìjọ wa ní Òmù. Ìyá mi kò ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n má baà béèrè ìdí. Ó ń jókòó, ó ń gbọ́ ọ. Lọ́dún yìí, ó ní òun ti gbọ́ ọ tó. Ó ti rán aṣọ tuntun fún mi. Ó ní kí n jókòó ti òun, kí n sì dìde nígbà tí wọ́n bá pe orúkọ náà, òun náà yóò dìde pẹ̀lú mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n dìde?